Bí Mo Ṣe Wá Ohùn fún Bàálù Fadérera

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Òkè-Àparò. Ẹni tó ní àga, kó jókòó lé e. Ẹni tí kò ní, kó fi ilẹ̀ ṣe àga, ilẹ̀ kò lé ẹnikẹ́ni rí. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ọyẹ́ ti bo pápá bàálù yìí débi pé a kò rí igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ sì ń wòkè, ẹ ń wò mí, ẹ tún ń wòkè. Látúndé tó jókòó síwájú mi yìí kò fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀. Fadérera ló gbé ìyàwó rẹ̀ fò lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ìrọbí fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n ní ó ti bímọ láyọ̀, wọ́n ní Fadérera ń gbé ìyá àti ọmọ bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Látúndé wá ń bi mí pé, "Bàbá, nínú irú ọyẹ́ yìí, bí bàálù mìíràn bá kọlù wọ́n lókè ńkọ́?"

Látúndé, má fi omijé ba ojú tí o fẹ́ fi wo ọmọ rẹ jẹ́. Ṣé o rí àpótí kékeré tí mo gbé lé orúnkún yìí? Bí àkókò bá tó, yóò sọ̀rọ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, èmi ni n ó sọ̀rọ̀, nítorí èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Ògúnṣíjì tó fi ọwọ́ lásán di ẹfọ̀n nírù mú, èmi ni mo mọ ibi tí a ti gbé ohùn inú rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó gba ọ̀nà tí mo gbà lọ, kó wá padà wá pè mí ní òpùrọ́. Mo wà níbí, n ó dúró dè é.

Gbogbo yín lẹ mọ Fadérera, ọmọ àbúrò mi obìnrin. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, àṣá lòun ń wò. Ó lọ sí ìlú òkèèrè, ó kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù, ó ṣiṣẹ́ títí ó fi ra ògbólógbòó kan lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í wọ́n oògùn kòkòrò sí oko. Bàálù náà kéré. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ti wọ̀ ọ́, ẹni tó kù kó máa fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó kùn ún ní ọ̀dà, ó sọ ọ́ ní Ológoṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé àfonífojì Ọ̀pẹ̀rẹ̀ ló wà láàárín àwa àti ilé ìwòsàn, mọ́tò kankan kò lè gbà á kọjá. Kí Ológoṣẹ́ tó dé, aboyún tí ìrọbí bá le mọ́ lára, ẹkún la máa ń jókòó sun.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, bí Fadérera ti ń bọ̀ nínú kùrukùru, bàálù ńlá kan tí ikùn rẹ̀ tó ààfin yọ sí i láìrí i. Ó gba orí rẹ̀ kọjá tímọ́tímọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ họ ọ̀dà lára Ológoṣẹ́. Fadérera balẹ̀, ó jókòó sábẹ́ apá bàálù rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ibi tí ọ̀dà ti họ. Kò tíì dìde níbẹ̀ tí Oníbodè Òfurufú fi sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin kò rí Oníbodè Òfurufú rí, mo sì bá yín yọ̀. Ó ga ju ọ̀pẹ lọ, àwọsánmà ló fi ṣe ṣòkòtò, kọ́kọ́rọ́ sì kún ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Fadérera, ẹjọ́ rẹ ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwọn bàálù ńlá ń kéde ara wọn bí wọ́n ti ń lọ: èmi nìyí, ibi tí mo wà nìyí, bí mo ti ga tó nìyí, ibi tí mo dorí kọ nìyí. Ìwọ ń yọ́ rìn lójú ọ̀run mi bí olè. Bí ọyẹ́ mìíràn bá dé tí Ológoṣẹ́ kò tíì ní ohùn, apá rẹ̀ méjèèjì ni n ó ká, n ó fi ṣe ilẹ̀kùn."

Ọmọ mi kò kúnlẹ̀ fún un. Ó bi í pé, "Níbo ni wọ́n ti ń rí ohùn náà?"

Oníbodè ní, "Ìlú Wí-Bí-O-Wà ni, lẹ́yìn Igbó Ìdákẹ́. Bàálù tí kò ní ohùn kò sì gbọdọ̀ fò débẹ̀." Òun nìkan rẹ́rìn-ín, ó padà sókè.

Fadérera wá sílé mi. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá jókòó, àwọn aboyún á máa kú. Bí mo bá fò láìní ohùn, èmi náà á kú. Ẹ bá mi wá a lọ."

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Mo wọ gbérí ọdẹ mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo jáde. Àwọn kan nínú yín ní n kò ní í padà wá mọ́. Mo rántí ojú wọn, mo sì rí méjì lọ́hùn-ún yẹn tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn báyìí. Ẹ má bẹ̀rù, mo ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ọdẹ fún ẹ̀yin tí ẹ kò ṣọdẹ rí. Bí ohùn kan bá pe orúkọ rẹ nínú igbó, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Bí wọ́n bá bi ọ́ níbi tí ò ń lọ, ibòmíràn ni kí o dárúkọ. Bàbá mi tún fi àfẹ́ẹ̀rí sílẹ̀ fún mi, àpò awọ kékeré tí mo máa ń so mọ́ ìbàdí. Bí mo bá ti so ó, ẹranko kò rí mi, iwin kò rí mi, ìyàwó mi tó ń wá owó ọbẹ̀ gan-an kò rí mi. Báyìí ni mo ṣe wọ Igbó Ìdákẹ́, tí mo so àfẹ́ẹ̀rí mọ́ ìbàdí, tí mo sì pa ẹnu dé.

Igbó yẹn, ewé ń jábọ́ níbẹ̀ kò dún. Ẹyẹ ń la ẹnu, orin kò jáde. Omi ń ṣàn lórí òkúta, o kò ní í gbọ́ ìró rẹ̀. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Èmi sì ń fún yín jẹ lónìí, nítorí náà ẹ fetí sílẹ̀. Àárín igbó náà ni mo ti bá Elétí-káàkiri pàdé, iwin tó ni ibẹ̀. Etí wà lórí rẹ̀, etí wà léjìká rẹ̀, etí wà ní orúnkún àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ẹnu náà sì wà. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á na ọwọ́ sí ọ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan.

Kò rí mi, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ èémí mi. Ó na ọwọ́, ó pè mí lórúkọ. N kò dáhùn. Ó fi ohùn ìyá mi pè mí. Ọkàn mi dùn mí, ṣùgbọ́n n kò dáhùn. Ó wá ní, "Ẹni tí kò fẹ́ jẹ́ mi, àlọ́ ni n ó pa fún un. Ìyá rẹ̀ wá a títí, kò rí i. Ọ̀tá rẹ̀ wá a títí, kò rí i. Òun fúnra rẹ̀ wá ara rẹ̀ títí, kò rí ara rẹ̀ mọ́. Ta ni?"

N kò já àlọ́ náà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, inú mi ń dùn pé mo gbọ́n jù ú lọ. Mo rí i pé ó ń lá ètè àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí mo ti ń lọ, n kò sì bi ara mi léèrè ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Òkìtì ọ̀gán pọ̀ lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga tó ènìyàn. Mo rò pé ọ̀gán lásán ni wọ́n.

Mo jáde sí Ìlú Wí-Bí-O-Wà. Kùrukùru kì í ká nílẹ̀ níbẹ̀ láyé. Bí o bá na ọwọ́ rẹ, o kò ní í rí ìka rẹ. Síbẹ̀ àwọn ará ìlú ń sáré, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń da màlúù, ẹnì kan kò kọlu ẹnì kejì, nítorí pé gbogbo wọn ló ń kéde ara wọn. Ọ̀kan ń lọ, ó ń wí pé, "Èmi Gbádéró nìyí, mo wà níwájú ilé baálẹ̀, odò ni mo dorí kọ, mo rọra ń rìn." Òmíràn ń wí pé, "Èmi Ṣówùnmí nìyí, mo wà lórí àkàbà, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ yà." Àwọn ọmọdé wọn kò mọ eré bojúbojú í ṣe, ẹni tó sá pamọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kígbe ibi tó wà.

Kí ni èmi ọdẹ wá ṣe? Mo dákẹ́ bí bàbá mi ti kọ́ mi. Ẹni tó ru iṣu ló kọ́kọ́ kọlù mí, iṣu àti èmi dà sílẹ̀. Bí mo ti ń dìde, òbúkọ kan kàn mí. Bí mo ti yà fún òbúkọ, àwọn tó ru òpó ilé fi òpó gbá mi lágbárí. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi tí ẹkùn kò lè gbé ṣubú, òbúkọ gbé mi ṣubú. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá mi kiri, wọ́n ń wí pé, "Ẹnì kan wà níbí tí kò sí níbí." Nígbà tí wọ́n rí ẹsẹ̀ mi dì mú, wọ́n wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alágbẹ̀dẹ.

Arúgbó ni obìnrin náà, òun ni olórí ìlú, òun náà ló ń rọ ohùn fún gbogbo ohun tó ń fò. Ó ní, "Ta ni ọ́, ibo lo ti wá, ibo lo dorí kọ?"

Mo ní, "Ọdẹ ni mí. Ó tó bẹ́ẹ̀."

"Kò tó."

"Ìyá, ẹ̀yin lè máa kígbe orúkọ yín bó ti wù yín. Ọdẹ tó bá pe orúkọ ara rẹ̀ níbi tí kò mọ̀, ikú ló ń pè. Ohùn ni mo wá gbà fún bàálù. Ẹ sọ ohun tí n ó ṣe, n ó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí lórúkọ."

Ó fẹ́ná, ó kọjú sí ohùn mi. "Bàálù ta ni?"

"Ti ọmọ mi."

"Ọmọ tí o fẹ́ràn?"

"N kò rìn dé ibí nítorí ẹni tí n kò fẹ́ràn."

Ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbé ìdákẹ́ rẹ lọ sílé fún un. Bóyá yóò fi bora nígbà tí bàálù ńlá bá ń gun orí rẹ̀ kọjá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo rántí Fadérera lábẹ́ apá bàálù tí ọ̀dà rẹ̀ ti họ. Ẹ̀rù bà mí, n ó purọ́ fún yín ni bí mo bá ní kò bà mí, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìbọn, n kò dárúkọ ara mi lẹ́yìn odi rí. Inú sì tún bí mi pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo dìde dúró, mo sọ ọ́ kí gbogbo ìlú lè gbọ́ pé, "Èmi Ọdẹ́jìnmí nìyí, ọmọ Ògúnṣíjì, ará Òkè-Àparò. Mo wà nínú àgbẹ̀dẹ yín, n kò sì ní í kúrò níbẹ̀ láìgba ohun tí mo wá gbà."

Ìyá Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ò rí i pé o kò kú." Ó wọlé, ó gbé àpótí kan jáde tí kò ju búrẹ́dì kékeré lọ, iná pupa kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ó kó àwọn ẹ̀yà àpótí náà fún mi: nǹkan pẹlẹbẹ tí a ó fi sẹ́yìn bàálù kí ó lè máa wo àwọn ìràwọ̀ tí ọmọ ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ so sójú ọ̀run, kí ó fi wọ́n mọ ibi tó wà, irin kúkúrú bí ìka tí a ó fi sábẹ́ ikùn rẹ̀ kí ó máa fọ́n ohùn náà ká, àti wáyà tí yóò so gbogbo wọn pọ̀. Ó tún fún mi ní èyí tó wà lórúnkún mi yìí, tí ń gbọ́ tí kì í pe ara rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe ohùn náà lọ́hùn-ún ni Èmi-Nìyí.

Ó ní, "Bó o ti ń gbé e lọ, máa bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Sọ ẹni tí o jẹ́, sọ ibi tí o wà. Bó o bá dákẹ́ kó o tó délé, òun náà á dákẹ́ títí láé. Ohun mìíràn tún ni pé òun àti ohun ìfarapamọ́ kì í gbé pọ̀."

Mo mọ̀ pé ohun tó wà ní ìbàdí mi ló ń sọ. Mo tú àfẹ́ẹ̀rí bàbá mi, mo sọ ọ́ sínú iná, ó jó, ó ń rùn bí irun ewúrẹ́. Àánú bàbá mi ṣe mí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kú, Fadérera sì wà láàyè.

Nígbà tí mo padà dé ẹnu Igbó Ìdákẹ́, ẹsẹ̀ mi kọ̀, ó ní òun kò lọ. Iná ara àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Mo bá la ẹnu, mo ní, "Èmi Ọdẹ́jìnmí nìyí. Mo wà ní ẹnu igbó. Ilé ni mo dorí kọ. Mo ń yára bọ̀, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà mi kó yà." Ohùn mi dún nínú igbó yẹn bí ìgbà tí ìkòkò fọ́ nílé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Iná náà padà pupa.

Gbogbo iwin ibẹ̀ jáde. Èyí tó gbé orí rẹ̀ há abíyá jáde, èyí tó ń fi irùngbọ̀n rìn jáde. Mo ń wí fún wọn pé, "Èmi Ọdẹ́jìnmí nìyí, mo ti dé ìdí àràbà." Wọ́n ń sún mọ́ mi, mo ń wí pé, "Èmi Ọdẹ́jìnmí nìyí, mo ti kọjá ìdí àràbà, ẹ ti pẹ́ jù." Elétí-káàkiri dúró sójú ọ̀nà, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ta ló ń pariwo nílé mi?"

Mo ní, "Pẹ̀lú gbogbo etí yìí, o kò tíì gbọ́?"

"Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nínú igbó yìí, mo ń jẹ ẹ́ ni."

Mo ní, "Irọ́ lò ń pa. Ìgbà tí mo dákẹ́ lò ń lá ètè. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ. Gba èsì àlọ́ rẹ kó o má ba à ní mo jẹ ọ́ ní gbèsè: ẹni tí ìyá rẹ̀ kò rí, tí ọ̀tá rẹ̀ kò rí, tí kò rí ara rẹ̀ mọ́, ọdẹ tó so àfẹ́ẹ̀rí ni."

Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀, òkìtì ọ̀gán kan sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn kan jáde nínú rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ń ha. Ó ní, "Èmi Kújọrẹ nìyí. Mo wà lẹ́bàá odò. N kò mọ ibi tí mo dorí kọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, Ọdẹ́jìnmí."

Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ Kújọrẹ. Àbúrò Olúọ́dẹ wa ni, tó wọ igbó tí kò bọ̀ láti ìgbà tí Fadérera wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Kí n tó nu ún, òmíràn ti dáhùn, òmíràn tún ti dáhùn: èmi lágbájá nìyí, mo wà lábẹ́ ìrókò, èmi tàmẹ̀dò nìyí, mo wà lẹ́yìn rẹ. Gbogbo ọ̀gán igbó náà, ọdẹ ni wọ́n. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Wọ́n ti fara pamọ́ fún iwin títí tí àwọn ènìyàn wọn kò fi lè rí wọn mọ́. Igbó Ìdákẹ́ wá di ọjà. Elétí-káàkiri fẹ́ di etí, ọwọ́ méjì péré ló sì ní. Ó fi ọ̀tún di ọ̀kan, ó gbàgbé pé ẹnu wà nínú àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì ké sínú etí ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ibẹ̀ ló ṣubú sí. N kò yin ìbọn kan ṣoṣo.

Àwọn ọdẹ jáde nínú ọ̀gán, wọ́n tẹ̀lé mi, a délé. Fadérera kò jẹ́ kí n sinmi, ó ní ọyẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rọra pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yẹn ṣe dùbúlẹ̀ sábẹ́ ikùn Ológoṣẹ́, ó lu ihò kékeré síbẹ̀, ó de irin kúkúrú náà mọ́ ọn, jìnnà sí irin tó fi ń bá àwọn ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ohùn méjèèjì má ba à fún ara wọn lọ́rùn. Ó fi èyí tó pẹlẹbẹ sẹ́yìn bàálù níbi tí nǹkan kan kò ti bo ojú ọ̀run. Èmi ń na wáyà sí i, mo fi eyín di sukurú mú, n kò sì lè fọ́nnu fún odidi ọjọ́ kan. Ó gbé àpótí sẹ́yìn àga, ó so ó mọ́ bátìrì, ó kọ orúkọ Ológoṣẹ́ sínú rẹ̀, irú orúkọ tí bàálù mìíràn kò jẹ́ láyé.

Ó wọlé, ó ta ẹ́ńjìnnì. Àpótí orúnkún mi kò sọ nǹkan kan. Èyí tó burú jù ni pé Ológoṣẹ́ pòórá, tòun ti Fadérera. A ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, a ń fi ọwọ́ pa afẹ́fẹ́ kiri. Ẹ̀rù bà mí ju ti Elétí-káàkiri lọ. Fadérera pa ẹ́ńjìnnì, ó padà hàn, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, kí lẹ ń wá?"

Olúọ́dẹ wúkọ́. Ó ní, "Èmi ni mo so àfẹ́ẹ̀rí sábẹ́ àga rẹ̀ láàárọ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún ló ń jí. Ọmọ ọdẹ kan kì í lọ sí ọ̀nà jíjìn ká má so ó fún un. Ṣé kó máa lọ lókè ni, kó máa kígbe ibi tó wà fún ọ̀tá? Àfẹ́ẹ̀rí kan kò ju ká rí igbó ńlá bọ́ sí, igbó kò sì sí lójú ọ̀run."

Mo ní, "Bàbá, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá jọ ń dẹ igbó, kí la máa ń fi ẹnu ṣe?"

Ó ní, "À ń súfèé síra wa."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ọdẹ má ba à yìnbọn lu ọdẹ."

"Àwọn wo ló wá pọ̀ lókè níbẹ̀, ṣé ọ̀tá ni àbí àwọn tó jọ ń fò?"

Síbẹ̀ kò gbà. Ó fara ti ilẹ̀kùn Ológoṣẹ́, ó ní ẹni tó fẹ́ tú àfẹ́ẹ̀rí òun yóò kọ́kọ́ tú òun. Kújọrẹ ló rìn lọ bá a. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo sọnù, ṣé ẹ wá mi?"

Olúọ́dẹ ní, "Mo wá ọ títí ohùn mi fi há."

"Mo rí yín. Ẹ dúró síwájú mi, ẹ sunkún, ẹ gbá igi tí mo fara tì. Mo ń dá yín lóhùn, ohùn kò jáde. Àfẹ́ẹ̀rí tí ẹ fi ìfẹ́ so mọ́ mi kò jẹ́ kí ẹ rí mi. Nígbà tí mo fẹ́ tú u, n kò rí ìbàdí ara mi mọ́. Òwe tí ẹ pa yẹn, ẹ kò pa á tán. Ẹbọ kan kò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ."

Olúọ́dẹ kúrò lára ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ wọ inú bàálù, òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tún dún, gbogbo wa rí Ológoṣẹ́ gedegbe, àpótí orúnkún mi sì sọ̀rọ̀: "Èmi Ológoṣẹ́ nìyí. Mo wà ní pápá Òkè-Àparò. Mo wà nílẹ̀."

Ọjọ́ tí ọyẹ́ dé gan-an ni Fadérera fò. Oníbodè Òfurufú ti mú òòlù dání, ó ń dúró de apá méjì tí yóò fi ṣe ilẹ̀kùn. Ológoṣẹ́ ń bọ̀, ó ń pe ara rẹ̀, bàálù ńlá tó ń bọ̀ níwájú gbọ́, ó yà fún un bí àgbà ti ń yà fún ọmọdé tó gbé omi. Oníbodè ní, "Mo gbọ́ ọ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó o kọjá." Ọmọ mi ní, "Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí a jọ wà lọ́nà ni." Ó kọjá láìdúpẹ́. Ilé Oníbodè kò ní ilẹ̀kùn títí dòní.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ àpótí yìí.

"Èmi Ológoṣẹ́ nìyí. Mo ti kọjá àfonífojì Ọ̀pẹ̀rẹ̀. Òkè-Àparò ni mo dorí kọ. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."

Látúndé, ṣé o gbọ́? A kò rí i, ṣùgbọ́n a mọ ibi tó wà. Kí ọyẹ́ máa ṣe ohun tó lè ṣe. Èmi náà ti di arúgbó, àwọn kan ní ó yẹ kí n máa rọra gbé jẹ́ẹ́ kí ikú má ba à rántí mi. N kò gbé jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń wá mi, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú: èmi Ọdẹ́jìnmí nìyí, mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà pápá bàálù, ìbọn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Wọ́n ti wà nínú pápá yìí pẹ̀lú wa, ọyẹ́ ni kò jẹ́ ká rí wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà ẹ dìde, gbogbo yín, ẹ máa pe orúkọ yín kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbà. Bàbá Olúọ́dẹ, ẹ̀yin náà. Ẹ ṣeun, Bàbá.

Ẹ dúró. Ẹ gbọ́ igbe yẹn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. A kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ó ti sọ ibi tó wà.

Látúndé, dá ọmọ rẹ lóhùn.